Àìlágbára iṣan kì í ṣe ọ̀lẹ: ohun tó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ kí ẹ tó pa á tì

Bí ọmọ bá ń pẹ́ kó tó gun àtẹ̀gùn tán, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé, "Yára jàre, má ṣe ọ̀lẹ." Bí ọ̀dọ́mọbìnrin bá ní apá òun kì í lè dúró lókè tí òun bá ń di irun, wọ́n á ní kò jẹun dáadáa. Bí ìpéǹpéjú ẹnì kan bá ń wálẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní fóònù tó ń tẹ̀ mọ́jú ló fà á.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ebi, kì í sì í ṣe oorun. Iṣan ara gan-an ni kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Àwọn àrùn tó ń fa èyí pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò wọ́pọ̀, orúkọ wọn sì ṣòro pè. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè òkun fi sọ́kàn nípa gbogbo wọn: àìlágbára iṣan máa ń ní ìdí, ìdí náà máa ń ní orúkọ, orúkọ yẹn ló sì ń pinnu irú ìtọ́jú tó yẹ. Apá kan nínú ohun tí dókítà nílò kó tó mọ orúkọ náà wà lẹ́nu àwọn òbí yín àti àwọn ẹbí tó wà nílé.

Kí ni iṣan gan-an?

Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ náà "iṣan" ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. A máa ń lò ó fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. A máa ń lò ó fún okùn tó so ẹran mọ́ egungun. A tún máa ń lò ó fún àwọn okùn tín-ín-rín tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń lọ́ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe ògbufọ̀ fún Màmá tàbí Dádì níwájú dókítà. Bí Màmá bá ní, "Iṣan ló ń dà mí láàmú," ẹ má tíì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: ṣé ẹran itan ni, ṣé oríkèé ni, àbí ó ń ta wọ́n bí iná? Ṣé ó ń dùn wọ́n ni, àbí agbára ni kò sí níbẹ̀?

Iṣan tí à ń sọ níhìn-ín ni ẹran ara tó máa ń fún pọ̀, tó sì máa ń dẹ̀, kí a lè rìn, kí a lè jẹun, kí a lè mí. Ó lé ní 600 nínú ara ènìyàn. Kí apá tó gbé ife omi, àṣẹ á jáde láti ọpọlọ, á gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn, á tọ okùn tín-ín-rín lọ títí dé ibi tí okùn náà ti pàdé iṣan. Ibẹ̀ ni iṣan á ti gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbikíbi lójú ọ̀nà yìí, apá kò ní gbé ife. Ọpọlọ ni àrùn rọpárọsẹ̀ sábà máa ń bá jà. Àwọn àrùn kan wà tó jẹ́ pé ibi ìpàdé okùn àti iṣan ni wọ́n ń bàjẹ́. Àwọn mìíràn wọ inú ẹran iṣan lọ tààrà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìlágbára kì í gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo wọ ara.

"Ó rẹ̀ mí" yàtọ̀ sí "n kò lè ṣe é"

Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú lè sọ pé kò sí agbára lára òun. Bí ó bá sùn, tó jẹun, ara rẹ̀ á padà sípò. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kò lágbára lè sùn fún wákàtí mẹ́wàá, kó sì jí tán kó má lè dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Ó fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ara kọ̀.

Àwọn àmì tó yẹ kí ẹ kíyè sí nìwọ̀nyí:

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í di irin àtẹ̀gùn mú kó tó lè gun òkè, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí kò lè gbé apá sókè pẹ́ tó láti di irun, láti sá aṣọ, tàbí láti gbé àwo sí orí pẹpẹ gíga.

Ọmọ tí kò tíì rìn nígbà tó pé oṣù 18, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, tó ń ṣubú lemọ́lemọ́, tàbí tí kò lè sáré bá ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìpéǹpéjú tó ń wálẹ̀, ojú tó ń rí nǹkan kan ní méjì, ohùn tó ń gba imú jáde bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn, oúnjẹ tó ń há sí ọ̀nà ọ̀fun.

Ọwọ́ tó di nǹkan mú, tó wá ń pẹ́ kó tó lè tú.

Àmì kan wà tí wọ́n fi orúkọ William Gowers, dókítà ará Ìlú Lọ́ńdọ̀n, pè. Ní ọdún 1879 ló ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ tó jókòó sílẹ̀ á kọ́kọ́ dojú dé ilẹ̀, á gbé ìdí sókè, á wá máa fi ọwọ́ gun ẹsẹ̀ ara rẹ̀, láti orúnkún dé itan, títí yóò fi nàró. Àwọn tí kò mọ̀ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Dókítà tó bá rí i yóò ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Duchenne: nígbà tí òwú bá tú létí aṣọ

Nínú àwọn àrùn iṣan tí ọmọ ń jogún, Duchenne ni orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù. Guillaume Duchenne jẹ́ dókítà ará Faransé tó kọ̀wé nípa rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1860 sí 1869. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, Edward Meryon, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀n, ti ṣàpèjúwe àwọn ọmọkùnrin tí irú àìsàn yìí ń ṣe, ó sì ti rí i pé inú ìdílé kan náà ló ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra.

Ọdún 1987 ni ikọ̀ onímọ̀ tí Louis Kunkel darí ní Boston tó dá èròjà tí àwọn ọmọ yìí kò ní mọ̀. Wọ́n pè é ní dystrophin. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí òwú tí aránṣọ fi ń ká etí aṣọ kó má baà máa tú. Ó ń di ara sẹ́ẹ̀lì iṣan mú bí iṣan bá ti ń fún pọ̀ tó ń dẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣan á máa ya díẹ̀díẹ̀. Ara á máa tún un ṣe títí agbára àtúnṣe á fi tán, ọ̀rá àti àpá á wá gba ipò ẹran. Ìdí nìyẹn tí ẹran ojúgun àwọn ọmọ náà fi máa ń tóbi, tí wọ́n á dà bí eléré bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ tí agbára kò sí níbẹ̀.

Ọmọkùnrin bí ẹyọ kan nínú 5,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀. Ó máa ń hàn láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀pọ̀ sì máa ń nílò kẹ̀kẹ́ arọ nígbà tí wọ́n bá tó bí ọmọ ọdún 12. Lẹ́yìn náà, ó máa ń kan ọkàn àti iṣan tí a fi ń mí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọkùnrin? Jíìnì, ìyẹn ìwé àṣẹ kékeré tó ń sọ fún ara bí yóò ṣe pèsè dystrophin, wà lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní X. Obìnrin ní X méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á ràn án lọ́wọ́. Ọkùnrin ní ẹyọ kan. Ìyá tó gbé jíìnì náà lè ní ìlera pípé, kí ọmọkùnrin rẹ̀ sì ní àìsàn yìí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ìjà nínú ìdílé, tí wọ́n á ní ọ̀dọ̀ ìyàwó ni wàhálà ti wá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: nínú ọmọ mẹ́ta tó ní Duchenne, bí ẹyọ kan ni ìyá rẹ̀ kò gbé jíìnì náà rárá, ara ọmọ ni àṣìṣe náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó sì gbé e kò ṣe ohun kankan láti gbà á. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un ni kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, nítorí ọkàn àwọn obìnrin tó gbé jíìnì yìí lè ní ìṣòro bí ọjọ́ bá ti ń lọ.

Àbúrò Duchenne ni èyí tí wọ́n ń pè ní Becker, tí wọ́n fi orúkọ Peter Emil Becker, onímọ̀ ará Jámánì, pè. Nínú tirẹ̀, dystrophin wà, ṣùgbọ́n kò pé. Ó lè jẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ tàbí lẹ́yìn náà ló máa hàn. Ọkàn àwọn kan tilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì kí ẹsẹ̀ wọn tó kọ̀. Ọkùnrin tó ní Becker, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé jíìnì náà, ọmọkùnrin rẹ̀ kankan kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò tíì sí oògùn tó ń wo Duchenne sàn pátápátá. Àwọn oògùn tó wà nínú ẹbí steroid máa ń jẹ́ kí ọmọ rìn fún ọdún díẹ̀ sí i, ìtọ́jú ọkàn àti ẹ̀rọ tó ń ran èémí lọ́wọ́ sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dàgbà di géńdé, kí wọ́n lọ sí yunifásítì, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú àkọ́kọ́ tó ń gbé jíìnì kékeré wọ inú iṣan àwọn ọmọ tó ní Duchenne. Ní 2025, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè rìn mọ́ kú nítorí pé ẹ̀dọ̀ wọn daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú náà, wọ́n fi ìkìlọ̀ líle sí i, wọ́n sì fi mọ sí àwọn tó ṣì ń rìn. Ìrètí wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fídíò tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ gbogbo ìtàn.

Ṣé àrùn òyìnbó ni?

Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ nínú ilé wa: "Irú èyí kò sí lọ́dọ̀ tiwa." Ẹ wo àpẹẹrẹ kan.

Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní myotonic dystrophy. Hans Steinert, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1909. Àmì rẹ̀ ṣàjèèjì: bí ẹni náà bá bọ ọ ní ọwọ́, ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó tú. Ojú máa ń tín-ín-rín, ìpéǹpéjú lè wálẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò ní lágbára, ọkàn lè máa lù ségesège. Bí òbí bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá 50 nínú 100 láti jogún rẹ̀, ó sì máa ń tètè hàn, ó sì máa ń le sí i, bí ó bá ti ń bọ́ láti ìran kan sí èkejì. Ohun tó fà á ni pé gbólóhùn kúkúrú kan nínú jíìnì náà ń tún ara rẹ̀ sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Lára àwọn aláìsàn, ó máa ń ju ìgbà 50 lọ, ó sì lè dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbà pé kò sí láàárín àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà níhà ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní 1995, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn American Journal of Human Genetics lórí ìdílé kan ní Nàìjíríà tó ní àrùn yìí. Ìdílé Yorùbá ni. Nígbà yẹn, àwọn nìkan ni irú rẹ̀ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà.

Nítorí náà, bí dókítà bá ní àrùn báyìí kì í sábà ṣe aláwọ̀ dúdú, ìyẹn kò ní kó má ṣe àyẹ̀wò. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n kò túmọ̀ sí àrùn tí kò sí.

Bákan náà ni àrùn Pompe. Nínú rẹ̀, ara kò ní èròjà tó yẹ kó máa fọ́ ṣúgà tí iṣan kó pamọ́, ṣúgà náà á wá kún inú iṣan títí á fi bà á jẹ́. Àṣìṣe jíìnì kan wà tó máa ń hàn léraléra lára àwọn ọmọ Áfíríkà àti aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ní in. Láti 2006 sì ni oògùn ti wà tó ń fi èròjà náà rọ́pò. Ẹni tí wọ́n kàn pè ní ọ̀lẹ kò lè rí oògùn yẹn gbà.

Nígbà tí ọmọ ogun ara bá kọjú sí ilé

Kì í ṣe gbogbo àrùn iṣan ni a ń jogún. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn á ṣì í, wọ́n á máa ṣá iṣan ara wọn. Lára wọn ni polymyositis àti dermatomyositis. Obìnrin ni wọ́n ń ṣe jù, ní Amẹ́ríkà sì rèé, wọ́n máa ń ṣe àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ.

Dermatomyositis máa ń mú àwọ̀ ara yí padà ní ìpéǹpéjú, ní àyà, ní èjìká àti lórí oríkèé ìka ọwọ́. Nínú àwòrán inú ìwé, ó máa ń pupa tàbí kó dà bí àwọ̀ àlùkò. Lára àwọ̀ dúdú, ó lè jẹ́ pé ó kàn dúdú sí i ni, tàbí kó dà bí eérú. Ó rọrùn láti rò pé ìpara ló bà á jẹ́. Bí irú àmì yìí bá bá àìlágbára itan àti èjìká rìn, ẹ sọ méjèèjì fún dókítà lẹ́ẹ̀kan náà. Oògùn wà fún un, bí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀, agbára lè padà.

Àwọn ìdí mìíràn tún wà tó rọrùn láti wá rí: ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tó ń ṣiṣẹ́ jù tàbí tí kò ṣiṣẹ́ tó, pọtásíọ̀mù tó lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù, tàbí steroid tí a lò pẹ́. Ìpara ìbóra tó ní steroid líle nínú, tí ẹnì kan fi ń pa gbogbo ara fún ìgbà pípẹ́, lè gba awọ ara wọlé kó sì sọ iṣan itan di aláìlágbára. Ẹ má fi èyí pamọ́ fún dókítà nítorí ìtìjú.

Ẹ̀wà Calabar àti dókítà obìnrin ní Greenwich

Myasthenia gravis ni orúkọ àrùn tó ń bàjẹ́ ibi ìpàdé okùn àti iṣan. Iṣan fúnra rẹ̀ kò bàjẹ́; àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àmì rẹ̀ ni pé agbára á wà ní àárọ̀, á sì máa tán lọ bí a bá ti ń lò ó. Ìpéǹpéjú á wálẹ̀, ojú á rí méjì, jíjẹ ẹran á di iṣẹ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 40 àti àwọn ọkùnrin tó ti kọjá 60.

Ibi tí ìtọ́jú rẹ̀ ti wá súnmọ́ ilé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lágbègbè Calabar, ní gúúsù ìlà oòrùn Nàìjíríà, hóró ẹ̀wà kan wà tó jẹ́ májèlé. Láyé àtijọ́, àwọn Efik máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ. Bí ó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Bí ó bá pọ̀ ọ́, tó yè é, wọ́n á ní kò mọ̀ ọ́n. Hóró náà dé Edinburgh ní Scotland, níbi tí Robert Christison, onímọ̀ nípa májèlé, ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1855 láti fi ara rẹ̀ dánwò. Díẹ̀ ló kù kó pa á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ èròjà tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní physostigmine.

Ní 1934, dókítà obìnrin kan, Mary Walker, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Alfege ní Greenwich, gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀n, àdúgbò tí kò jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé lónìí ní Woolwich àti Peckham. Ó kíyè sí i pé aláìsàn myasthenia dà bí ẹni tí wọ́n fi májèlé orí ọfà tó ń jẹ́ curare ta, ó sì mọ̀ pé physostigmine ń ṣẹ́gun curare. Ó fún aláìsàn rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, agbára sì padà fún wákàtí díẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún náà.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ iṣan tètè parẹ́. Pyridostigmine tí àwọn aláìsàn ń lò lónìí ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà. Yàtọ̀ sí i, oògùn wà tó ń pẹ̀tù sí ọmọ ogun ara, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ thymus, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lẹ́yìn egungun àyà. Ọ̀pọ̀ tó ní myasthenia ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń gbé ayé wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò?

Dókítà á béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó tún ní in nínú ìdílé. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ CK. CK jẹ́ èròjà inú iṣan. Bí iṣan bá ń ya, á máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú Duchenne, ó lè ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ọgọ́rùn-ún.

Ẹ mọ èyí: CK àwọn ènìyàn dúdú tí ara wọn le máa ń ga díẹ̀ ju ti òyìnbó lọ, eré ìdárayá líle sì máa ń gbé e sókè. Nítorí náà, bí tiyín bá ga díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí agbára yín bá ń dínkù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn lé yín padà sílé.

Wọ́n tún lè fi ẹ̀rọ wo bí iná ṣe ń gba inú iṣan, wọ́n lè ya àwòrán MRI, wọ́n lè gé bíńtín lára iṣan, wọ́n sì lè ka jíìnì. Èsì jíìnì àwọn ọmọ Áfíríkà sábà máa ń ní "a kò tíì mọ ìtumọ̀ èyí" nínú, nítorí pé ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé jọ. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún un wò, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí àti àwọn ẹ̀gbọ́n lè ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti túmọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sí Nàìjíríà fún ọdún Kérésì

Ẹni tó ní àrùn iṣan gbọ́dọ̀ gbé lẹ́tà dókítà dání, kó sì kó oògùn tó máa pẹ́ ju ìrìn àjò náà lọ sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú àpótí tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Ẹni tó ń lo steroid kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ó lè dá a wólẹ̀.

Ní ilé, ó rọrùn láti yà sí kẹ́míìsì kí wọ́n po oògùn pọ̀ fúnni. Fún ẹni tó ní myasthenia, ewu wà níbẹ̀. Cipro, gentamicin àti azithromycin lè mú kí àìlágbára náà le sí i lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni quinine àti chloroquine tí wọ́n ń lò fún ibà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín kí ẹ tó wọ bàálù pé oògùn ibà wo ni ẹ lè lò.

Bí iṣẹ́ abẹ bá dé, kí wọ́n sọ fún ẹni tó máa fún wọn ní oògùn oorun pé àrùn iṣan wà nílẹ̀. Oògùn kan tó ń jẹ́ suxamethonium lè dá ọkàn ọmọ tó ní Duchenne dúró.

Ohun tí ẹ̀yin nìkan lè ṣe

Dókítà lè ka jíìnì, ṣùgbọ́n kò lè pe Màmá àgbà ní Ìjẹ̀bú lórí WhatsApp. Ẹ̀yin lè pè wọ́n. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ má béèrè orúkọ àrùn, nítorí nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ. Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni kí ẹ béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé ọmọkùnrin kan wà nínú ẹbí wa tí kò rìn mọ́ nígbà tó ń dàgbà?" "Ṣé ẹnì kan wà tí ojú rẹ̀ máa ń dé tí kì í ṣe oorun?" "Ṣé ẹnì kan kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì kéré?" "Ọmọ ìyá yín ni àbí ọmọ bàbá?"

Wọ́n lè sọ pé ọwọ́ ayé ni. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn béèrè ọdún tó jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà ara tó kọ́kọ́ mú àti àwọn tó tẹ̀lé e. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ fún dókítà. Ìdáhùn kan ṣoṣo láti ilé lè gba dókítà ní oṣù púpọ̀ tí ì bá fi máa wá a kiri.

Ẹ tún mọ ìgbà tí kò sí àyè fún ìdúró. Bí èémí bá ń ṣòro, bí oúnjẹ tàbí itọ́ bá ń há, bí apá kan ara bá kọ iṣẹ́ lójijì, tàbí bí ìtọ̀ bá dúdú bíi Coca-Cola lẹ́yìn eré ìdárayá, ẹ pe 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 192 ní Bràsíl.

Fún àwọn tó ti ní orúkọ àrùn lọ́wọ́, ìrànlọ́wọ́ wà. Muscular Dystrophy Association ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1950, Muscular Dystrophy Canada láti 1954, Muscular Dystrophy UK láti 1959. Ní São Paulo, onímọ̀ jíìnì Mayana Zatz dá ẹgbẹ́ ABDIM sílẹ̀ ní 1981. Wọ́n lè tọ́ ìdílé sọ́nà sí ilé ìtọ́jú tó mọ̀ nípa iṣan, sí ohun èlò, àti sí àwọn ìdílé mìíràn tó ń gba ọ̀nà kan náà kọjá.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún gbọ́ tí wọ́n ń pe àbúrò yín ní ọ̀lẹ lórí àtẹ̀gùn, ẹ fi ọ̀wọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ẹ ní kí ó jókòó sílẹ̀, kó sì dìde lójú yín. Bí ó bá ń fi ọwọ́ gun ẹsẹ̀ ara rẹ̀, dókítà ló yẹ kí ẹ pè.